Àpótí Tanímọ̀la

Kí oòrùn òwúrọ̀ tó mú ni ìròyìn ti dé Òkè-Ìràwọ̀ pé ìmàdò wọ oko ẹ̀gẹ́ ní Abúlé-Arère, wọ́n sì ń tú ebè bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Baba Ọdẹ́jìmí, olúọdẹ ìlú, ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Àṣà àwọn ọdẹ ibẹ̀ ni pé bí oko bá ránṣẹ́ pe ọdẹ, oòrùn ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ kí ọdẹ tó gbéra. Ọdẹ tó bá sùn mọ́ ìpè, wọn kì í jẹ́ kó fi ọwọ́ kan ẹran láàárín ẹgbẹ́ mọ́ títí ọdún yóò fi yí po.

Baba Ọdẹ́jìmí kò bẹ̀rù ìmàdò. Ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù. Abúlé-Arère jìnnà, bí ajá bá fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kò ní í sí eré kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Lásún ló máa ń gbé wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, Kò-dùn-wọ́n, akọ ajá pupa tí Baba fi orúkọ rẹ̀ fèsì fún àwọn elénìní, rí ehoro létí ọ̀nà, ó sì bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ. Kò dìde mọ́. Ọjọ́ náà ni Baba búra pé ajá òun kankan kò tún ní í dúró lásán lẹ́yìn ọkọ̀. Ajá méjì ló kù fún un: Ẹ-máa-wò-ó, tí kò tíì gbọ́n tó, àti Tanímọ̀la, abo ajá dúdú tó ní àmì funfun láyà. Tanímọ̀la ni aṣáájú. Bí kò bá lọ, ọdẹ kàn ń lọ wo ojú ìmàdò lásán ni.

Ìdí nìyẹn tí Baba fi gba ọ̀dọ̀ Ìbídùn lọ.

Ìbídùn nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Òkè-Ìràwọ̀. Abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣa ìṣó tó bá já bọ́ láti kékeré, nígbà tí bàbá sì papò dà, kò sí ẹni tó ní kó gba ayùn. Ó kàn rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Ó lè fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó lára kó sì sọ ibi tí yóò ti là bí ìṣó bá kàn án.

"Ìbídùn, àpótí ajá ni mo fẹ́. Lónìí. Kó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Lásún kí oòrùn tó wọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, Baba," ni Ìbídùn wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu Baba. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ló ká mi lára."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí?"

"Kó tóbi. Ajá mi kì í ṣe ẹrù. Bí mo bá pa ẹran, wọ́n ń jẹ ìpín tiwọn kí àlejò mi tó jẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan rí wọn kó ní Ọdẹ́jìmí há ajá mọ́ inú àpótí bí adìyẹ tó ń lọ sọ́jà."

Ìbídùn fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú Baba. Ikú Kò-dùn-wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó mú okùn, ó lọ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ Lásún láti orí dé ìdí.

Igi arère ló yàn, torí pé ó fúyẹ́, kò sì ní í wọ ọkọ̀ náà lọ́rùn. Ó rẹ́ pákó, ó fá etí wọn títí tí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí wọn, kí ẹ̀gún igi má baà gún ajá. Gbogbo ìṣó tó bá yọ ẹnu sínú, ó tẹ̀ wọ́n lórí mọ́lẹ̀. Òkè ẹ̀gbẹ́ ló lu ihò afẹ́fẹ́ sí. Kò lu ìkankan sí ẹ̀yìn, níbi tí èéfín ọkọ̀ yóò ti máa rọ́ wọlé. Ó gbé ilẹ̀ àpótí náà sókè díẹ̀, ó sì fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín pákó rẹ̀, kí ìtọ̀ lè rí ọ̀nà lọ. Ẹni tó bá dúró wò ó yóò gbàgbé ibi tó ń lọ.

Lásún dúró wò ó, ó sì ti gbàgbé ibi tó ń lọ lóòótọ́. "Ìbídùn ìyàwó ayùn," ló wí, "ṣé àpótí lo ń kàn ni àbí ilé? Bó bá jẹ́ ilé ni, bá mi fi yàrá kan sílẹ̀. Onílé mi ń yọ mí lẹ́nu."

"Ẹ̀gbọ́n, ajá ni yóò máa gbé ibẹ̀."

"Èmi náà lè gbó."

Ìbídùn parí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fọ́fọ́. Àgbàlagbà lè jókòó sínú rẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Baba yí i po, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n kó ajá méjèèjì sí i, Lásún sì ní kí àwọn kọ́kọ́ wà á dé etí odò kí àwọn padà, kí àwọn mọ bí yóò ṣe rí.

Ọ̀nà odò kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní kọ́nà. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ gbì nínú àpótí. Ní èkejì, gbì, lẹ́yìn náà igbe. Ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà, Lásún tẹ búréèkì, ohun tí wọ́n gbọ́ nínú àpótí náà sì dà bí ìgbà tí wọ́n da àpò iṣu sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà tí Ìbídùn ṣí ilẹ̀kùn, Ẹ-máa-wò-ó bẹ́ jáde, ó sá lọ sábẹ́ àga. Tanímọ̀la rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nímú rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè.

Baba kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà. Kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí Tanímọ̀la padà wọlé, ajá tí kò kọ ìpè rẹ̀ rí wo ilẹ̀kùn àpótí, ó wo Baba, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Ó parí," ni Baba wí pẹ̀lẹ́. "Èmi nìkan ni yóò lọ."

"Baba, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Oòrùn ni kí o bẹ̀."

Ìbídùn yíjú padà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, bóyá òun yóò rí pákó tí òun lè fi ṣe nǹkan, nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ó fa pákó kúkúrú kan jáde nísàlẹ̀ òkìtì tó ti ń fà láti àárọ̀. Ìtẹ́ eku lẹ̀ mọ́ ọn lára, èérún igi òun àkísà ni eku náà fi hun ún. Eku náà wà nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ tí Ìbídùn ti ń ju pákó, tó ń kan ìṣó, tí gbogbo ilé ń mì, kò kúrò níbẹ̀. Ìbídùn gbé pákó náà dagun láti wò ó dáadáa. Ìtẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n eku kò yí. Ara rẹ̀ kún ìtẹ́ náà yíká, kò síbi tí yóò ṣubú sí. Ó wo Ìbídùn, kó tó wá fò sílẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùn ti ìkúùkù rẹ̀ bọ inú ìtẹ́ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì sí àyè tó ṣẹ́ kù.

Ó jáde, ó pe Tanímọ̀la, ó sì fi ọwọ́ pa á lára títí tó fi dùbúlẹ̀. Ó fi okùn wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, ó ta kókó. Ó jẹ́ kó dìde, ó wọn gíga rẹ̀, ó ta kókó mìíràn. Ó jẹ́ kó yí po, ó wo àyè tó gbà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ẹ-máa-wò-ó náà. Nígbà náà ló gbé ayùn.

Nígbà tí Baba rí pákó tí Ìbídùn fi ń dá àyè kékeré méjì sọ́tọ̀ nínú àpótí náà, ìwọ̀n ajá kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà. "Ìbídùn, pósí lo ń kàn fún ajá mi yìí."

"Baba, inú yàrá ńlá yẹn ló ti fara pa."

"Mo ní kó tóbi."

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè tí mo fún un ló ń gbé e gbá pákó. Ẹ jẹ́ ká bi òun alára léèrè. Bó bá kọ̀ ọ́, màá tú u."

Ó da koríko gbígbẹ sínú àyè méjèèjì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pe ajá. Oòrùn ti dé orí ọ̀pẹ. Tanímọ̀la tiro dé ẹnu àpótí, ó gbóòórùn igi, ó gbóòórùn koríko. Ó ti orí bọ̀ ọ́, ó fà á jáde. Baba mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ajá náà bẹ́ sókè, ó wọlé, ó yí ara rẹ̀ po lórí koríko, ó dùbúlẹ̀, ó sì fi ìrù bo imú.

Baba sún mọ́ àpótí náà. Ó fi ọwọ́ pa ara pákó náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Eku ni, sà," ni Ìbídùn wí, ó sì fi ìtẹ́ náà hàn án.

Lásún yọjú wo inú àpótí. "Yàrá tèmi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá dùbúlẹ̀ kí n wọ̀n yín."

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣì wà lórí òrùlé nígbà tí wọ́n gbéra. Kòtò pọ̀ ní ọ̀nà Abúlé-Arère, kọ́nà sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Baba kò gbọ́ gbì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé tó ṣí ilẹ̀kùn, oorun ni Tanímọ̀la ń sùn. Ó yán, ó na ara, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà tẹ ilẹ̀ wò, ó sì mú oko pọ̀n. Òun ló dá olórí ìmàdò náà dúró tí ìbọn Baba fi bá a. Àwọn yòókù kò padà wá mọ́.

Baba pín ẹran náà bó ti yẹ. Ajá gba ìpín ajá. Ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olúọdẹ, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún Ìbídùn, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà.

Àpótí náà ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ Lásún, ajá kankan kò sì tún jábọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọdẹ abúlé mìíràn ń wá kan tiwọn lọ́dọ̀ Ìbídùn; ẹni tó bá ní kí tòun tóbi ju ti ẹnìkejì lọ, Ìbídùn yóò ní kó lọ mú ajá rẹ̀ wá ná. Bó bá ṣe agídí, Baba Ọdẹ́jìmí yóò nawọ́ sí ìtẹ́ eku tí wọ́n fi há òpó ṣọ́ọ̀bù. Látẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà Òkè-Ìràwọ̀ ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.