Ọ̀rọ̀ Gígùn Tí Dókítà Sọ Lórí Ìbídùn

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi lónìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọdẹ́gbèmí ni orúkọ mi. Ìlú Agbèdìrán ni wọ́n bí mi sí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, èmi náà sì bá ìbọn nílé bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń bá àpótí ìjókòó nílé. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, mo ti bá ìkookò wo ara wa lójú títí ó fi yà fún mi lọ́nà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé, kò sí èyí tó ṣe mí ní jàǹbá bíi gbólóhùn òyìnbó kan ṣoṣo.

Ìbídùn ni ìyàwó mi, obìnrin tó máa ń hun ẹní, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí o tó sọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀rín. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Nígbà tó gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ọ̀gbẹlẹ̀, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ọ̀gá àwọn dókítà sì jáde sí wa, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bí omi. Kò jókòó. Ó wo ògiri tó wà lókè orí mi, ó ní, “Inópárébù. Páliétíìfù mánéjimẹ́ǹtì ónlì.” Mo mi orí, òun náà mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti mú Ọ̀gbẹ́ni Josaya Ládèjọ lọ́wọ́ lọ, ẹni tó ṣe akọ̀wé ní kóòtù rí, tí gbogbo ìlú wa gbà pé kò sí èdè òyìnbó tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Mo bi í léèrè ohun tí dókítà wí. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó húkọ́ díẹ̀, ó ní orúkọ oògùn tí yóò wo Ìbídùn sàn ni dókítà dá. Ó ní Páliétíìfù ni oògùn náà ń jẹ́, òun nìkan ló sì lè wò ó, ìdí nìyẹn tó fi sọ pé ónlì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

Mo wá Páliétíìfù káàkiri ilé oògùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní ó ti tán, ọ̀kan sì ta oògùn ikọ́ fún mi. Níkẹyìn ni àgbà ọdẹ wa, Bàbá Ògúndíjọ, sọ fún mi pé igbó kan wà tí a ń pè ní Igbó Bẹ́ẹ̀ni. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí àwọn ènìyàn gbọ́ tí kò yé wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń lọ gbé, àti pé bí egbòogi kan bá ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti hù. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò. Ọmọbìnrin wa, Àyọ̀ká, ti ti ilé ọkọ rẹ̀ wá láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìbídùn gbé orí sókè lórí ẹní, ó ní, “Bàbá Àyọ̀ká, ẹ má lọ.” Mo ní ìwòsàn rẹ̀ ni mo ń lọ mú wá, mo sì jáde.

Igbó náà dúdú lọ́sàn-án gangan. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo igi ń mi orí. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ igi. Ènìyàn ni àwọn kan, ilẹ̀ ti gbé wọn mì dé orúnkún, wọ́n ń mi orí bí alángbá, wọ́n ń wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.” Ọkùnrin kan nínú wọn sọ fún mi pé wọ́n ka kónsípírésì sí òun lẹ́sẹ̀ ní kóòtù, òun sì mi orí nítorí pé adájọ́ ń kánjú. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti mọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun bá àwọn olè gbìmọ̀, àwọn olè tí kò rí rí. Obìnrin kan ní wọ́n sọ kọ́mpúlúsárì àkúísíṣọ̀n lórí oko kòkó òun, òun rò pé àdúrà ni, òun sì ṣe àmín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn yóò gba oko náà bí ó fẹ́, bí ó kọ̀.

Ẹni tó ń ṣọ́ wọn jáde sí mi. Aláhọ́ngígùn ni orúkọ iwin náà. Ó ga bí ọ̀pẹ, ó sì fi ahọ́n rẹ̀ di ìgbànú mọ́ ìdí. Ó tú ahọ́n náà, ó nà án lé mi lórí bí òjìji àwọsánmà, ó sì ké pé, “Nọ́tìwitìsitáńdìǹgì! Ṣé ó yé ọ?” Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú, mo ní kò yé mi. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì mú kí ewé máa já bọ́. Mo ní, “Ẹ ti pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ọ́ fún mi. Ẹ sọ ọ́ kí ó yé mi.” Bí mo ti ń tẹnu mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń kéré sí i, títí ó fi dà bí òkété lẹ́sẹ̀ mi. Ó wá fi ohùn tínrín sọ pé, “Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ‘síbẹ̀síbẹ̀’ lọ.” Mo kọjá lára rẹ̀. Ìbínú ni mo bá lọ, kì í ṣe ayọ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún iwin yìí, ẹnu mi kò gbà á níwájú dókítà.

Ní ìsàlẹ̀ igbó ni mo ti bá Ìyá Ìtumọ̀ lẹ́bàá odò, iwin arúgbó tí ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó gbé atẹ lé itan, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó fi Páliétíìfù hàn mí kí n wa gbòǹgbò rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní ìtumọ̀ tó dùn, òun sì ní èyí tó jẹ́ òótọ́, kí n mú ọ̀kan.

Mo ní, “Ìyá, èyí tó dùn ni mo gbé wá láti ilé. Òun ló gbé mi dé ibí.”

Ó gbé atẹ sílẹ̀. Ó ní, “Inópárébù: a kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un mọ́. Páliétíìfù kì í ṣe ewé, kì í ṣe egbò. Ohun tó ń wí ni pé àìsàn náà kò ní ìwòsàn. Ẹ mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó tù ú lára, ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ónlì: ìyẹn nìkan ló kù tí ẹ lè ṣe.” Ó wò mí pẹ́. “Ọkọ rẹ̀ ni ọ́. Kí ni o wá ń ṣe níbí?”

Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo sáré. Ẹ̀gún ya mí lára, n kò mọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, erùpẹ̀ tútù ni mo rí lẹ́yìnkùlé. Àyọ̀ká kò sunkún. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò ló ń wá fún ìyá òun lábẹ́rẹ́ kí ìrora lè dín kù. Ó wá ní, “Ìyá mi ní kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ lè tètè wọlé.”

Mo padà lọ bá dókítà. Kò rántí wa. Ó ní òun máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí, àti pé ó dájú pé òun sọ fún wa. Lóòótọ́, ó sọ. Ọ̀gbẹ́ni Ládèjọ wá kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó sì bi mí tọkàntọkàn bóyá mo rí oògùn náà. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ojú mi tó ń wo òun ni kò jẹ́ kí òun lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gba iwájú ilé mi kọjá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín lórí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ dì í láṣọ mú. Ẹ jẹ́ kí ó bínú, ẹ jẹ́ kí ó pè yín ní púrúǹtù, ṣùgbọ́n kí ó má lọ títí yóò fi sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé láàrin wa, bí ẹ kò bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú yẹn kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tèmi kò tíì tán. Ó tó báyìí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ bá àwọn ènìyàn yín.