Ajá Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Ìdajì Òwe

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, ìdajì rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, orúkọ ajá sì ni ìdajì ọ̀hún.

Ọdẹ kan ní Ìdí-Ìyeyè, Ọdẹ́rìndé, ló ni ajá náà. Ẹ sáà mọ̀ pé òwe ni àwọn baba wa máa ń fi sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè máa fi pe ajá, kí wọ́n sì máa fi bá aládùúgbò wí. Nígbà tí ìmàdò fi eyín ya ajá yìí níkùn tí kò kú, tí paramọ́lẹ̀ tún bù ú ṣán tó sì dìde, Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ ní Tòde-ò-lè-pani. Bó bá ti ń pè é, gbogbo abúlé á mọ̀ pé ọdẹ ti ń yangàn.

Lọ́dún kan, eku ya bo ọgbà ilá tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, dá sẹ́yìnkùlé. Kí Àwẹ̀ró tó ká ilá, eku á ti bá a ká a. Ni Ọdẹ́rìndé bá po májèlé mọ́ iṣu gígún.

Àwẹ̀ró ní, “Olówó orí mi, ajá yín ńkọ́?”

Ẹ̀rín pa Ọdẹ́rìndé. “Ìwọ náà, Àwẹ̀ró! Èyí tí ìmàdò ò rí pa, ṣé iṣu ni yóò wá pa á? Inú ihò eku ni mo máa kì í sí. Ẹnu ajá ò ní í débẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ, ẹnu ajá ò débẹ̀. Ṣùgbọ́n eku tó jẹ májèlé kì í jókòó sínú ihò. Òùngbẹ a máa lé e jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eku ti ń rìn tàgétàgé láàárín ilá. Ajá ọdẹ tó rí irú èyí, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe? Ó kó wọn jẹ.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, itọ́ ti ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwẹ̀ró sáré gbé epo pupa dé, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọdẹ́rìndé gbé orí ajá lé itan, ó ń pè é, “Tòde-ò-lè-pani! Tòde-ò-lè-pani!” Ajá ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Ọdẹ́rìndé sunkún bí ọmọdé. Ó tún pe orúkọ náà.

Àwẹ̀ró, tí àwo epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọra dá a lóhùn pé, “Bí ikú ilé ò bá pani ni, olówó orí mi.”

Títí dòní, bí ìpalára bá ti ọwọ́ ará ilé wá, tàbí tí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ̀tá òde láìwo ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé ìkà inú ilé nìkan ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà ló pa ajá Ọdẹ́rìndé. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló po májèlé náà.