Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Onífura

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko igbó ṣì ní kọ̀ǹpútà kan lábẹ́ igi ìrókò, kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfura. Ohun tí wọ́n bá pàṣẹ fún un ló ń ṣe. Kì í béèrè ìdí.

Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Àpótí Iná ló tóbi jù níbẹ̀, torí pé iná ọ̀gbẹlẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àwọn àpótí kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ogójì sọ ọ̀nà àsálà, àwọn yòókù sì sọ ibi tí ìyá kọ̀ọ̀kan kó ọmọ sí. Àgbọ̀nrín, olórí panápaná, nìkan ló láṣẹ láti ṣí ti àwọn ìyá, kó lè mọ ibi tí yóò sáré lọ.

Awó kò fẹ́ kọ tirẹ̀ síbẹ̀ rárá. Ìfura loògùn àgbà, Awó sì ti mu oògùn yẹn yó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó tẹ̀ ẹ́ pé: ẹyin mẹ́tàlá, ìdí igi emi, lábẹ́ ewé gbígbẹ. Kò tilẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń kọ ìwé àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ kò ní sùúrù. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn àgbà ní kó ṣí ogójì ọ̀nà àsálà fún gbogbo ìlú. Ó yẹ kó kọ ogójì àṣẹ, ọ̀kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ráyè ìyẹn?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Ó kọ ẹyọ kan péré: "Ṣí Àpótí Iná àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹranko." Kọ̀ǹpútà ṣe é kó tó ṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, Awó pàdé Ẹ̀tà lọ́nà odò. Ẹ̀tà tí kì í kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Awó, ẹ kú ìtọ́jú o! Ọlọ́run á bá wa dá mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sí."

"Àmín," ni Awó wí, ó sì kọjá. Àfi bó ṣe dúró lójijì. Mẹ́tàlá? Ta ló sọ fún un?

Ó fẹ́ sáré lọ sídìí ẹyin, ṣùgbọ́n ìfura dá a dúró. Bí Ẹ̀tà bá ń tẹ̀ lé òun ńkọ́, kí òun lè júwe ibẹ̀ fún un? Ó bá yà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ta lo ṣí àpótí mi fún?"

"Màmá, mi ò fọwọ́ kan tiyín. Ọ̀nà àsálà ni mo ṣí."

Kọ̀ǹpútà dáhùn bí ọmọ tó gbọ́ràn. "O ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti Màmá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tà kà á láàárọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo ń tì í báyìí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Ẹyin lohùn," ni Awó wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ó fò lọ.

Èèpo ló bá lábẹ́ ewé. Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù. Ìbànújẹ́ ńlá bá a, ó sì sunkún padà dé abẹ́ ìrókò.

"Kí ló dé tí o ò béèrè?" ló bi kọ̀ǹpútà. "Kó o kàn ní, 'Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé ó dá ọ lójú?' Ìbéèrè kan ì bá gba àwọn ọmọ mi là."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ní, "Ta nìyẹn?"

"Ta ni báwo? Èmi tí mò ń nù ọ́ lójú lójoojúmọ́!"

"Ẹ̀tà náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Yan ọ̀rọ̀ àṣírí tí ìwọ nìkan mọ̀, kó o tẹ̀ ẹ́. Màá fi àmì dúdú bò ó, torí mi ò mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ."

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan ẹni tó fowó rà á. Á béèrè orúkọ rẹ, á béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí àṣẹ rẹ bá wúwo, á tún ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ẹ má kanra mọ́ ọn. Ó ti gba ẹnìkan gbọ́ rí láìbéèrè, ìyá kan ló sunkún rẹ̀.