Àwẹ̀ró àti Ọmọ Aṣọ Tó Ń Juwọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà sí ẹní yẹn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fùú, ó dá fààà, ó dá lórí Àwẹ̀ró aránṣọ àti Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹyẹ ń jíṣẹ́ fún ènìyàn tí kò sì gba owó ọkọ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àyọ̀ká ni. Àyọ̀ká dàgbà, ọkùnrin tó wù ú jẹ́ ará òdìkejì odò, ìrìn ọjọ́ méje. Wọ́n gbé ìyàwó lọ, ilé dá. Bí Àwẹ̀ró bá se oúnjẹ, á bu ti ẹni méjì, á tún da ọ̀kan padà sínú ìkòkò.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lékelèke fò dé.

“Ìyá Àyọ̀ká, ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ti bímọ. Ó fẹ́ gbé e wá kí ẹ rí i.”

“Kí ló wá dá a dúró?”

“Igbó ti bo ọ̀nà. Ó ní bí òun bá gun orí òkè, òun ò ní mọ ibi tí ilé yín wà láàárín igi. Ẹ gbé nǹkan kan sókè tí á máa wò bọ̀.”

Àwẹ̀ró ní, “Sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni n ó gbé sókè. Kó máa wo ara rẹ̀ bọ̀ wálé.”

Kí ni yóò fi ṣe ère ọmọ rẹ̀? Igi wúwo, amọ̀ kò ga. Ó kó aṣọ tí Àyọ̀ká fi sílẹ̀, ó kó ọ̀rá iyọ̀ àti ọ̀rá búrẹ́dì tó ti ń tọ́jú. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó fi èédú ya àwòrán Àyọ̀ká sí i, ó gé e ní méjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fi ọ̀rá sínú kí atẹ́gùn má baà jò, ó fi aṣọ síta kó má baà ya. Àkọ́kọ́ tó rán tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nítorí ohun tó fẹ̀ nílẹ̀ máa ń súnkì bó bá wú. Èkejì, ọrùn rẹ̀ kò dúró.

Ó dà bí ọ̀mùtí!

Ta nìyẹn? Àdìgún, ìwọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ó dà bí ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹta ló yọrí. Ó ga ju igi àgbọn lọ, Àwẹ̀ró sì fi okùn so ó mọ́ èèkàn mẹ́rin. Ó wá ku èémí. Ó fi ẹnu fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló wú.

Kọ̀ǹkọ̀ ń wò ó létí omi. Ẹ ṣáà mọ Kọ̀ǹkọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ máa ń wú bọ̀ǹbọ̀ bó bá ń ké.

“Ìyá Àyọ̀ká, ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀. Ẹ la ihò sí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀fúùfù á gba ọ̀tún wọlé, á gba òsì jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀fúùfù bá relé, ọmọ yìí á dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ wo ọ̀fun mi: mo fẹ́ ẹ, mo tú u. Ohun tó bá ń wú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde. Ẹ má dí i o!”

“N kò ní dí i.”

Láràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń kọrin. Ẹ gbè é:

Àyọ̀ká ọmọ mi, dìde o,
*Fẹ́rẹ́fẹ́!*
Gbé ọwọ́ sókè, gbé e sókè,
*Fẹ́rẹ́fẹ́!*
Kí ẹni ọ̀nà jíjìn rí ọ,
*Fẹ́rẹ́fẹ́!*
Kó mọ ilé bọ̀ wá o,
*Fẹ́rẹ́fẹ́!*

Ẹ̀fúùfù á wọlé, ọmọ aṣọ á dìde, á máa juwọ́ lókè igi. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ á kọ́kọ́ rọ̀, orí á tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó lé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Lójú tirẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tún ń gbé ọmọ lọ sílé ọkọ ni, lójoojúmọ́. Ó ń sunkún. Nígbà tó yá, kò wo ojú ọ̀nà mọ́, ọmọ aṣọ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lékelèke tún dé. “Ìyá, Àyọ̀ká ti gbéra. Á dé orí òkè lọ́la.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ̀fúùfù tó relé, Àwẹ̀ró tan àbẹ́là. Ó fi jó ẹnu ọ̀rá pọ̀ bí àwọn ẹlẹ́pà ṣe ń ṣe, gìgísẹ̀ ọ̀tún, gìgísẹ̀ òsì, ó sì rán aṣọ lé e.

Ó dí i!

Ó dí i. Ó ní nítorí kí Àyọ̀ká lè rí i ni. Irọ́ ni. Ara rẹ̀ ni kò gbà á mọ́. Ọmọ aṣọ dúró ṣinṣin, ìyá sùn sídìí rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ. Atẹ́gùn inú ọmọ náà ń gbóná, ó ń wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ikùn wú, ojú rírán ń ké kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́.

Kọ̀ǹkọ̀ pariwo, “Ẹ tú u! Ìyá Àyọ̀ká, ẹ tú u!”

Àwẹ̀ró dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Kò níí lọ mọ́! Kò níí lọ mọ́!”

Gbàù!

Àkísà àti ọ̀rá fò káàkiri orí ọgbà àti igi ẹlẹ́gùn-ún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àyọ̀ká gun orí òkè, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò, igi nìkan ló rí. Ó dúró títí oòrùn fi wọ̀, ó sùn síbẹ̀, ó tún wò láàárọ̀. Ó ní, “Bóyá ìyá mi kò sí mọ́.” Ó nu ojú rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lápá òsì. Ilé wà lápá ọ̀tún.

Ṣé kò padà dé ni?

Bó bá dé, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ìdí rèé tí ọ̀rá tó há sórí ọgbà fi máa ń wú bí ẹ̀fúùfù bá kọjá, tí á tún rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Àwẹ̀ró ni, ó ṣì ń pe ọmọ.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹni tó bá dí ọ̀nà tí olólùfẹ́ rẹ̀ lè gbà lọ, ọ̀nà tí ì bá gbà bọ̀ ló dí.

Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀fúùfù má dá mi lóhùn. Bí n kò bá parọ́, kó fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fìì! Fìì! Fìì!

Ẹ gbọ́ ọ. Ó yá, ẹ ká ẹní yín.