Iná Tí Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò Kò Lè Dá

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí Àwẹ̀ró. Ó gba ihò orí òrùlé wọlé, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, àwọn ará àdúgbò rí ẹrẹ̀ pupa tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọgọ́ta ìkòkò ló tò sínú ilé náà, láti ilẹ̀ títí kan àjà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fojú kan iná rí. Gbogbo wọn ti padà di amọ̀ tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró, amọ̀kòkò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò lè dá iná. Ogun ló kó ìlú wọn, Ìdó-Ìyeyè. Wọ́n sun ilé, ìyá rẹ̀ sì bá iná lọ, òun àti Àjọkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Òun àti Láṣebìkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni wọ́n sá dé Òkè-Àfọ̀n. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òórùn èéfín bá ti kàn án nímú, àyà rẹ̀ a já, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kú, ojú rẹ̀ a sì padà sí ọjọ́ náà bí ẹni pé àná ni. Ẹ̀kọ tútù ló ń jẹ. Àwọn amọ̀kòkò yòókù bá a sun ìkòkò títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní kó ṣọkàn akin. Ó gbìyànjú rẹ̀, agbára rẹ̀ kò ká a. Ó wá ń mọ ìkòkò, ó ń tò ó jọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí òjò fi wá sọ ọ́.

Amọ̀ tútù kì í bá iná wọ̀jà kó borí,
Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn là ń rìn kí ìkòkò ńlá tó ga,
Ewé tútù ní í pa ẹnu amọ̀ mọ́ di ọjọ́ mìíràn,
Àwọn ni wọ́n díá fún Àwẹ̀ró
Lọ́jọ́ tó ń sá fún ohun tó yẹ kó máa bọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúngbèmí, abọ̀rìṣà tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún létí odò, ni Àwẹ̀ró gbà lọ. Láṣebìkan sìn ín lọ, nítorí ìtìjú ẹrẹ̀ náà ti kan òun náà. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ. Márùn-ún ṣíjú, mọ́kànlá dojú bolẹ̀. Ọ̀ṣẹ́ ni, odù tí Ọ̀ṣun ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ kò ṣàìsàn," ni Ìyá wí. "Ọ̀ṣun ní ẹrù kan wà lórí rẹ tí o kò tí ì sọ̀ láti ojú ọ̀nà ogun. Ẹyẹlé méjì, ahá oyin kan, àti amọ̀ tó tó mọ àmù. Ẹyẹlé àti oyin, ti òrìṣà ni. Amọ̀ náà, ìwọ alára ni wàá rú u."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń rú amọ̀, Ìyá?"

"Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni wàá máa wá síbí. Wàá máa mọ àmù náà níṣojú mi, wàá sì máa sọ ohun tí ojú rẹ rí. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti gbọ̀n, ibẹ̀ la ó ti fi ewé bò ó."

Láṣebìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹbọ ẹnu rèé. Ẹ kúkú ní ká wá máa ṣòfófó fún Ọ̀ṣun."

"Owó ẹyọ kò pe ẹnì kan ṣoṣo," ni Ìyá dá a lóhùn. "Ẹbọ kan náà ni tìrẹ."

"Èmi? Kí èmi ọkùnrin máa wá ro ẹjọ́ ogun fún arúgbó létí odò? Kò sí ohun tó ń ṣe mí."

"Kò burú. Mo kàn rí i pé ògiri lo fẹ̀yìn tì láti ìgbà tí o ti wọlé, o sì ń ka gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà."

Láṣebìkan dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Àwẹ̀ró jókòó. Ó wá ẹyẹlé, ó wá oyin, ó ru amọ̀ wá.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wọn kì í jókòó mọ àmù. Ilẹ̀ ni ìkòkò ńlá ń gbé, amọ̀kòkò a bẹ̀rẹ̀, a sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, a máa fi amọ̀ tó lọ́ bí okùn lé orí ara wọn. Wọn kì í sì í mọ ọ́n tán lọ́jọ́ kan. Bó bá ga dé ìwọ̀n kan, wọn a fi ewé tútù bo ẹnu rẹ̀ kó má gbẹ, kí ìsàlẹ̀ lè le, kó lè gbé ohun tó ń bọ̀ lókè.

Lọ́jọ́ kìíní, àárọ̀ ọjọ́ ogun nìkan ni Àwẹ̀ró rí sọ. Ó ní èkuru ni Àjọkẹ́ jẹ, ó sì ráhùn pé iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Kí ni o ń gbọ́?" ni Ìyá bi í.

"Omi."

"Kí ni o fi ẹsẹ̀ tẹ̀?"

"Yanrìn."

"Ṣé Ìdó-Ìyeyè ní odò?"

"Kò ní."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ibí lo wà." Ìyá ja ewé kókò kan, ó rì í sómi, ó fi bo ẹnu amọ̀. "Ó tó fún òní."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá gbé ògúnná kan sínú àpáàdì, ó gbé e sídìí igi ní òkèèrè. "Ibi tí iná yẹn wà, ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn?"

"Ó sún mọ́ mi jù."

Ìyá arúgbó dìde, ó gbé àpáàdì náà, ó sún un sẹ́yìn títí Àwẹ̀ró fi ní ó tó. Àwẹ̀ró ń wò ó tìyanu-tìyanu. Láti ọdún mẹ́jọ, gbogbo ayé ló ń sọ fún un pé kó sún mọ́ iná. Kò sí ẹni tó bá a sún iná rí. Láti ọjọ́ náà, àpáàdì ń wá sí tòsí ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ìgbà tó yẹ kó wá.

Lọ́jà kẹrin, ìkánjú mú un. Ó fẹ́ kó tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rọ́ ọ̀rọ̀, ó ń lé amọ̀ tútù lórí amọ̀ tútù, kò dúró gba ewé. Àmù náà tẹ̀, ó wó lulẹ̀. Àwẹ̀ró délé, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tó padà wá, kò lè gbójú sókè.

"Ìyá, mo ti bà á jẹ́."

"Amọ̀ náà ńkọ́, ṣé ó sá lọ ni? Pò ó padà."

Ó pò ó padà. Ó rọra ń lọ. Lọ́jà kẹsàn-án, ẹnu àmù ku ìka mẹ́rin kó pé, Àwẹ̀ró ń fi ẹ̀yìn rìn, ó sì dúró lójijì.

"Ìyá, mo ń sun ìkòkò lọ́jọ́ náà. Èéfín mi ga. Nígbà tí a ń sá nínú igbó, ẹ̀gbọ́n mi ní èéfín mi ló pe ogun wá. Kò tún un sọ mọ́. Èmi ni mo ń tún un sọ fún ara mi."

"Ṣé ìlú yín ní ọjà?"

"Ó ní."

"Ṣé àwọn ará ibòmíràn ń ná an?"

"Wọ́n ń ná an dáadáa."

"Ṣé wọ́n ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí o tó dáná?"

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

"Iná tó jó ilé ìyá rẹ, níbo ló ti wá?"

"Wọ́n mú ògùṣọ̀ dání ni."

"Iná tìrẹ wá ńkọ́?"

"Ìkòkò ló ń sun."

Bó ti gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ, ó jókòó sínú yanrìn, ó sunkún. Ẹkún àtẹ̀yìnwá a máa fún un lọ́rùn. Eléyìí ń ṣàn bí omi tí wọ́n la ọ̀nà fún. Ó pe orúkọ Àjọkẹ́ títí. Gbogbo ìgbà tó bá pè é ni Ìyá ń wí pé, "Mo gbọ́."

Àmù náà gbẹ lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sun ún, Àwẹ̀ró ló to igi, òun ló ki ògúnná bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Ó mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, ó sì ń koná lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi ìka kan àmù náà lára, ó dún bí agogo. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó se iṣu nílé ara rẹ̀. Ó jó o lẹ́nu. Ẹ̀rín pa á, òun nìkan, nídìí ààrò.

Láṣebìkan ńkọ́? Nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ tanná ran igbó, wọ́n yìnbọn. Ó gbọ́ ọ, ó ní ogun ti dé. Ó tú gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kó èbù iṣu rẹ̀ dà sódò kí ọ̀tá má bàa rí i jẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, àwọn èèyàn ń wò ó, kò sì ní ohun tí yóò gbìn. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń sun ìkòkò, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti igi ọsàn lókèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, ṣé ó rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Ó rọ̀ mí lọ́rùn." Ó ń wo èéfín ìkòkò náà. "Àwẹ̀ró, kì í ṣe èéfín rẹ. Èmi ló yẹ kí n máa ṣọ́ bodè lọ́jọ́ náà. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ mu ẹmu."

Igi bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ gbígbóná dé ètè rẹ̀, ọdún mẹ́jọ gbáko ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wá rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó ṣí ewé kókò kan kúrò lórí ìkòkò tútù, ó rìn lọ bá a, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.

"Ó tó fún òní," ló wí. "Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Ẹ wá ẹyẹlé méjì."

"Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò."

"Ẹ óò kọ́ ọ. Ìyá á fẹ́ rí bí ìkòkò yín yóò ṣe wọ́."

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn kúrò lára igi, ó sún ẹsẹ̀ kan síwájú.

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Iná tó ń lé e kiri ló padà ń bọ́ ọ, àwọn tí ẹ̀rù ń bà sì ń wá jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bá wọn sún iná. Láṣebìkan fi ẹbọ ṣẹ̀sín, ó kábàámọ̀ nígbà tí èbù ti tán nínú abà. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́ kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó pẹ́ kó tó kànkùn. Ó ní amọ̀ tó wó kò ì tí ì sá lọ. Kí ẹni tó ni ín pò ó padà.