Ọ̀nà Tí Tinúadé Gbà Dé Ilé-Ìwé Òkèérin

Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìdòsà, gba ohun tí a bá kọ sílẹ̀ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó lẹ bébà mọ́ agolo iyọ̀, ó kọ "Iyọ̀" sí i. Ó lẹ òmíràn mọ́ ilẹ̀kùn, ó kọ "Ilẹ̀kùn" sí i, bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ lè ṣèèṣì gba ojú fèrèsé jáde. Irú ọkùnrin yìí ni Elédùmarè wá fún ní Tinúadé, ọmọ ọdún méjìlá, tí ìwé kíkà nira fún bí ẹni ń fi ajọ̀ pọn omi. Nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé fún wọn pé dislẹ́síà ni wọ́n ń pè é: ojú ọmọ ríran, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í dúró kó kà á. Ọláògún gbọ́, kò gbà.

Nígbà tí ọmọ parí ìwé mẹ́fà, ilé-ìwé gíga tó lókìkí jù ní agbègbè náà ni bàbá kọ́kọ́ mú un lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ na ìwé ìròyìn sí i. Tinúadé wò ó títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ń ta bí tata."

"Kí ló ń ta bí tata?"

"Àwọn lẹ́tà ni, sà."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé níbí. N kò tíì rí lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀."

Ilé-ìwé kejì gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní àárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún méje ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Tinúadé, tó ti ga dé èjìká ìyá rẹ̀, wo àga kékeré tí wọ́n fi hàn án, omi lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá Tinú," ni ìyá rẹ̀ tí í ṣe aránṣọ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "ilé-ìwé kan wà ní Òkèérin. Ọmọ oníbàárà mi kan wà níbẹ̀, bí Tinúadé ló ṣe rí. Ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn títí ìwé yóò fi yé wọn. Ìsàlẹ̀ ọjà ló wà, létí odò. Àmọ́ ọ̀la ni wọ́n ń gba ọmọ kẹ́yìn, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n sì ń pa ìwé dé."

"'Létí odò' kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì," ni Ọláògún fèsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ará Òkèérin kan ní kóòtù, ó sì kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ láti pátákó dé pátákó: yà sí ọ̀tún níbi pátákó aláṣọ, yà sí òsì níbi pátákó onígààrí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń ṣẹ́ ìbò ìsọ̀ l'Ókèérin, kí oòrùn má baà pa ẹnì kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Bí onísọ̀ bá ti ń ṣí ni pátákó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ọjà sì ni ọjọ́ náà.

Aago mọ́kànlá ni wọ́n wọ ọjà. Wọ́n yà sí ọ̀tún, wọ́n yà sí òsì, wọ́n tún bá ara wọn lẹ́nu ọjà.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá oníwèé!" ni obìnrin onígààrí kan pariwo. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ṣé ẹ fẹ́ ra gààrí ni, àbí ẹ ń ṣọ́ mi?"

"Ìyá, ṣé ibí ló yẹ kí pátákó yín wà?"

"Ibí ni ìbò jù mí sí lónìí. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ìdí igi osè lọ́hùn-ún ni mo wà."

Tinúadé fa aṣọ bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ wo gọ́tà yìí. Ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ. Màmá ní létí odò ni. Omi ò lè ṣi odò mọ̀."

"Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀?" Òógùn ti bo Ọláògún, aago ti di mọ́kànlá ààbọ̀. "Ó dáa! Máa tẹ̀ lé gọ́tà rẹ. Èmi á tẹ̀ lé ìwé mi!"

Inú ló bí i tó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tinúadé mú un ní òótọ́. Nígbà tí bàbá fi máa gbójú sókè nínú ìwé, kò sí ọmọ mọ́.

Ẹ wáá wo akọ̀wé kóòtù láàárín àwọn ẹlẹ́ja! Ó sáré gba ìsọ̀ ilá kọjá, ó fò kọjá lórí agbọ̀n adìyẹ, ó ń ké "Tinúadé!" bí ẹni pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló já sí ẹnu géètì ilé-ìwé náà, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ti ń ti géètì. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ nínú ọ́fíìsì.

Tinúadé ti fi ṣọ́ọ̀kì, kọ́kọ́rọ́ àti ìdérí ìgò to gbogbo ọjà náà sórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Fágbèmí. Kò gbàgbé kọ̀rọ̀ kan.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago lù ló wọlé," ni Ìyáàfin Fágbèmí wí. "Mo ní ta ló mú un wá. Ó ní gọ́tà ni. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ku kí ẹ bu ọwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá, ọ̀nà wo lẹ gbà?"

Ọláògún wo ọjà tí ọmọ rẹ̀ tò kalẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ tí òógùn ti sọ di ẹ̀kọ.

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

Obìnrin onígààrí, tó gbé ẹsẹ̀ bàtà kejì tẹ̀ lé e, gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà padà sọ́jà. Láti ìgbà náà, bí òbí kan bá ń yarí pé irú ilé-ìwé kan péré ló lè sọ ọmọ di ènìyàn, ohun tí àwọn àgbà Òkèérin fi ń dá a lóhùn ni pé: Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.