Abọ́ Ẹni Tí A Ní Kó Dúró

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ pé, "Ẹni tí a ní kó dúró, abọ́ rẹ̀ ń dúró." Àlejò á gbọ́ ọ, á máa wojú wọn: kí ló kan abọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò gùn.

Gbọ́láhàn ló kọ ètò kan fún àwọn agbẹ̀bí. Bí aláboyún bá pè, ètò náà á pe agbẹ̀bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, á dẹtí sí gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń lọ. Ó dùn mọ́ wọn, àmọ́ kì í pẹ́ tí ibi ìrántí kọ̀ǹpútà yóò fi kún àkúnya, tí gbogbo rẹ̀ á dákú.

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi," ni Gbọ́láhàn wí. Ẹnu rẹ̀ kì í kú. "Èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ mọ́ tónítóní. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá nílò mọ́, fúnra rẹ̀ ló ń kó o dànù."

"Ọmọ mi, ẹni tó ń rọbí ò gbọ́ èdè," ni olórí agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Bó bá tún dákú, a ò lò ó mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kan Gbọ́láhàn fúnra rẹ̀, torí Mojí àbúrò rẹ̀ náà ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Bàbá, ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, wọn ò sì mọ gáréèjì tó máa bọ́ sí. Gbọ́láhàn rán àwọn ará ilé sí gbogbo gáréèjì. Ọ̀kan nínú wọn mú Bàbá délé, ìkòkò ti gbẹ, abọ́ iyán tí wọ́n fi ọmọrí dé sì kún orí tábìlì.

"Màmá, ẹ gbé ọ̀kan fún Bàbá."

"Ìpín àwọn tí o rán ni. Ṣé o ti ní kí wọ́n máa bọ̀?"

"Bàbá ṣáà ti dé."

"Ta ló sọ fún wọn? Ẹni tí a ní kó dúró, abọ́ rẹ̀ ń dúró. Èmi ò ní gbé e."

Gbọ́láhàn rántí ètò rẹ̀. Agbẹ̀bí kan á dáhùn, ètò rẹ̀ á sì máa dúró de àwọn mẹ́ta yòókù títí láé, á máa fi àyè pamọ́ dè wọ́n níbi ìrántí. Báwo ni èdè ṣe máa palẹ̀ abọ́ wọn mọ́? Ó pe àwọn tó rán sí gáréèjì wálé, ó bẹ Bàbá, ó wá lọ tún ètò rẹ̀ ṣe: bí ẹnì kan bá ti dáhùn, kó dẹ́kun dídúró de àwọn yòókù.

Nígbà tí Mojí rọbí, ètò náà ò dákú. Agbẹ̀bí dé, ọmọ ké.

Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn. Ẹni tí a ní kó dúró, abọ́ rẹ̀ ń dúró. Bí a ò bá ní kó máa bọ̀, ebi ni yóò pa àlejò.